Ìka Kan Náà Ni Ẹ Ń Tẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣòfin Wa ní Àbújá

Sí ẹ̀yin sẹ́nétọ̀ àti ẹ̀yin aṣojú-ṣòfin tí a dìbò fún láti ilẹ̀ Yorùbá,

Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá ará ìlú tẹ̀wé, tí mo ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù, tí mo sì ń bá wọn fa ìwé NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, jáde. Aláàdìrẹ ń wá bá mi, awakọ̀ ń wá, ọmọ iléèwé ń wá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ń wá, àwọn ìyá tí ọmọ wọn fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí láti òkè òkun náà ń wá. Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ wọn wá ni pé ẹ̀rọ kan níbì kan ti sọ fún wọn pé àwọn kọ́ ni àwọn. Wọn á na bébà sí mi, wọn á ní, "Ẹ bá mi wò ó, wọ́n ní orúkọ mi ò bá ara wọn mu." Nígbà tí mo bá ròyìn ohun tí ojú mi ń rí fún èèyàn, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà lè rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń kà á, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá nǹkan ṣe sí i, torí ọwọ́ yín ni òfin wà.

Orí ìka ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2003, ìjọba àpapọ̀ ní ká wá gba káàdì ìdánimọ̀. A tò, a tẹ̀ka. Nígbà tí ìdìbò 2011 ń bọ̀, àjọ elétò ìdìbò INEC gbé kọ̀ǹpútà wọ àdúgbò, a tún tẹ̀ka. Àsìkò yẹn kan náà ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, pàṣẹ pé gbogbo síìmù gbọ́dọ̀ ní olúwa rẹ̀, la bá tún lọ tẹ̀ka lábẹ́ agbòòrùn àwọn ọmọ tó ń ta síìmù lẹ́bàá títì. Ní oṣù Kejì 2014, Báńkì Àpapọ̀ gbé BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, dé, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó bá fẹ́ pásípọ́ọ̀tù, á tẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ ìwakọ̀, á tẹ̀ka. NIN fúnra rẹ̀, tí àjọ NIMC ń ṣe lábẹ́ òfin tí ilé yín gbé kalẹ̀ ní 2007, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń gbà. Tí síìmù ẹni bá sì sọnù lọ́jà lónìí, títẹ̀ka tún ni kí wọ́n tó dá nọ́ńbà náà padà fún un.

Ìka kan náà ni o. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ìka mìíràn hù lọ́wọ́ rẹ̀ láti 2003. Síbẹ̀, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ wọn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọwọ́. Orílẹ̀-èdè tó sì ti ka ìka wa tó báyìí, ọdún 2006 ló ti ka àwa fúnra wa kẹ́yìn. Ìkànìyàn ọdún náà ní a lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 140. Èyí tó yẹ kó wáyé ní 2023, wọ́n sún un síwájú.

Ẹ wá wo nọ́ńbà tí ìka yìí bí. NIN jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá. BVN jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá. Nọ́ńbà fóònù pàápàá, mọ́kànlá. Ẹ ní kí ìyá tó ń ta ata sọ NIN rẹ̀ fún yín, á ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀ láìsinmi, ẹ̀yin náà á tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ̀rọ á gbà á torí iye rẹ̀ pé, lẹ́yìn náà ni yóò wá ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé. Àkáùntì báńkì jẹ́ mẹ́wàá. Nọ́ńbà tí à ń tẹ̀ sínú mítà iná jẹ́ ogún, ní 2024 sì rèé, kí gbèdéke oṣù Kọkànlá tó pé, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ogún lọ́nà méjì kí mítà tó lè gba iná tuntun rárá. Mo rí àwọn àgbàlagbà tó ń fi tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ lóru, tí wọ́n bá dé orí ìkẹtàdínlógún, ìka á yẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn yìí kò kọ́ nọ́ńbà níléèwé kankan. Àwa la sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún wọn.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláró. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lómidan ni wọ́n ti ń re aṣọ sínú aró. Báńkì kan ti àkáùntì wọn pa, ó ní kí wọ́n wá fi ìka jẹ́rìí ara wọn, wọ́n sì bẹ̀ mí kí n sin àwọn lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ náà níwà, kò kanra mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Màmá, ẹ gbé ìka yín síbí." Wọ́n gbé e. Iná pupa tàn. Ó fi ańkáṣíìfù nù ún, ó ní kí wọ́n tún un gbé. Pupa. Ó ní kí Màmá fi ìka náà ra iwájú orí wọn kó lè mú òróró díẹ̀. Wọ́n ra á. Pupa. Ó kó ọwọ́ bọ báàgì ara rẹ̀, ó mú ìpara jáde, ó fi pa ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, Màmá." Màmá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà yọ̀ lórí tábìlì, okùn rẹ̀ já kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó di pé kí wọ́n tan gbogbo rẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbi tí a ti ń dúró de kọ̀ǹpútà ni Màmá ti bi í pé, "Ọmọ mi, kí ló tiẹ̀ ń wá lọ́wọ́ mi?"

Ó ní, "Ìlà tó wà lórí ìka yín ni, Màmá."

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sí ojú fèrèsé. Aró ti wọ inú èékánná, ó dúdú títí dé ọrùn-ọwọ́, ṣùgbọ́n orí ìka gan-an ń dán, ó pọ́n, kò sí ìlà kankan tí ojú lè rí níbẹ̀. Wọ́n ní, "Sódà ti jẹ ìyẹn tipẹ́. Ìlà tí ẹ ń wá yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ."

Ìmọ̀ràn tí ọmọbìnrin náà fún wọn, ti inú rere ni. Ó ní kí Màmá má fọwọ́ kan aró àti sódà fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, kí wọ́n máa fi òrí pa ọwọ́, ó ṣeé ṣe kí ìlà náà jáde padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra aró ló wà nínú àkáùntì tí wọ́n tì pa. Kí wọ́n tó lè rí owó iṣẹ́ ọwọ́ wọn gbà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ náà sílẹ̀.

Kì í ṣe aláró nìkan. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàárì, ẹ wo ìka àwọn obìnrin ibẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ bíríkìlà tí sìmẹ́ǹtì ti bó. Ẹ wo ọwọ́ alágbàfọ̀, ọwọ́ àgbẹ̀ tó ti di ọkọ́ mú fún ogójì ọdún, ọwọ́ àgbàlagbà tí awọ rẹ̀ kàn ti fẹ́lẹ́ nítorí ọjọ́ orí. Àwọn tó fi ọwọ́ wọn bọ́ ilẹ̀ yìí ni ẹ̀rọ kì í dá mọ̀, ẹni tó sì jókòó sí ọ́fíìsì tó ń fi ọwọ́ rọra tẹ bọ́tìnnì ni iná tútù ń tàn fún ní wéré. Ó ń dùn mí. Ẹni tó ra ẹ̀rọ wọ̀nyí fún wa kò béèrè irú ọwọ́ tí à ń lò kó tó rà á. Ohun tó sì wá ń bí mi nínú jù ni pé àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀rọ BVAS tí INEC ń lò láti 2021, tí ìka olùdìbò bá kọ̀, ojú rẹ̀ ni wọn ń wò. Wọ́n mọ̀ pé ìka lè kọ̀, wọ́n sì ti pèsè ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Kí ló dé tí báńkì àti ilé iṣẹ́ fóònù ò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá dé iwájú wọn?

Ojú náà ní wàhálà tirẹ̀ o, mi ò ní pa á mọ́ fún yín. Àwọn báńkì orí fóònù ti ń ní kí èèyàn ya àwòrán ojú ara rẹ̀ kó lè hàn pé alààyè ni. Fóònù á ní, ṣẹ́jú. Á ní, yí orí sápá òsì. Á ní, ya ẹnu. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń ṣe é torí ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ó rí alàgbà ìjọ tó wọ agbádá, tó ya ẹnu sí fóònù ní gbangba títì, tí ọmọdé tó ń kọjá lọ ń wò ó. Bó bá ya ẹnu tán, fóònù á ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, kó tún un yà. Olóyè kan wá lọ́jọ́ kan, fóònù ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní àwọn kì í ṣàdéédéé rẹ́rìn-ín. A dúró dúró, títí àwọn tó yí wọn ká fi bú sẹ́rìn-ín, ojú Olóyè kò yẹ̀, fóònù kò sì gbà.

Ọ̀ràn ìmọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó ń ya ẹnu. Ní 2018, Joy Buolamwini, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ tó ń wo ojú kó tó sọ bóyá akọ tàbí abo ni wò. Lórí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, àṣìṣe wọn kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, èyí tó burú jù nínú wọn ṣe àṣìṣe tó 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ìwádìí náà jáde, àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà sáré lọ tún tiwọn ṣe. Ohun tí mo ń bi yín ni pé: ẹ̀rọ tí à ń lò níbí, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò lórí ojú wa kí wọ́n tó ní kí gbogbo ìlú máa ya ẹnu sí i? Ilé yín ló lágbára láti béèrè.

Tí a bá wá bọ́ lọ́wọ́ ìka àti ojú, orúkọ ló kù. Ibí ni iṣẹ́ mi ti pọ̀ jù.

Àwa Yorùbá kì í fún ọmọ ní orúkọ kan. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá á sọ tirẹ̀, ìyá á sọ tirẹ̀, ìyá bàbá á ju owó sínú omi, á sọ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó wá láti Ìbàdàn náà á sọ tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní àpótí mẹ́ta. Ìyá ọmọ á sọ mẹ́ta tó fẹ́ràn nígbà tó ń gba NIN fún un, bàbá á sọ mẹ́ta mìíràn níléèwé. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, èwo nínú wọn ló purọ́? Àwọn ẹbí tó tún ti yí Ifá tàbí Ògún tó wà níwájú orúkọ wọn padà sí Olú tàbí Jésù ńkọ́? Ọmọ bàbá kan náà, ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Fá, àbúrò ń jẹ́ Olú. Ẹ̀rọ ní wọn kì í ṣe ẹbí, nígbà tí ọ̀kan bá sì kú, tí èkejì fẹ́ gba owó rẹ̀ jáde ní báńkì, ojú rí nǹkan.

Ẹ wá wo àmì ìsàlẹ̀ kékeré tó wà lábẹ́ ṣ. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò gbà á. Tí mo bá tẹ Ṣọlá bó ti tọ́, á kọ ọ́ ní pupa pé lẹ́tà yẹn kò bá òfin mu. Nítorí náà, akọ̀wé kan á tẹ Sola, akọ̀wé kejì á tẹ Shola. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹni náà ti di méjì. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí h kan ṣoṣo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2021 ni JAMB, àjọ ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, ti ń lo NIN láti fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, orúkọ tó bá sì wà lórí NIN náà ni yóò bá a dé yunifásítì. Ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀ kò ní h, NIN rẹ̀ ní h. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí kóòtù, wọ́n búra. Wọ́n sanwó fún ìwé ìròyìn, wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé èmi tí wọ́n ń pè ní báyìí tẹ́lẹ̀, báyìí ni kí wọ́n máa pè mí láti òní lọ. Bí a bá pe orúkọ méjèèjì lójú ọmọ náà, bákan náà ni wọ́n dún létí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún fi Bíbélì búra ní kóòtù pé òun ni òun. Èmi ni mo tẹ ìwé ìbúra náà, mi ò sì mọ ojú tí mo lè fi wo bàbá rẹ̀ nígbà tó ń ka owó fún mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó ilé kò yé mi mọ́ rárá. Wọ́n fi orúkọ bàbá ṣí àkáùntì kí wọ́n tó lọ́kọ, wọ́n fi orúkọ ọkọ gba NIN. Àwọn kan tún wà tí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn pé, tó tọ́, àfi pé ibì kan kọ ti ìdílé síwájú, ibì kejì kọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ní wọn kò bá ara wọn mu. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń di ìjánu náà mú báyìí.

Ní ti ọjọ́ ìbí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa kò ní ìwé rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni wọ́n fi ń ka ọdún. Ìyá á ní ọdún tí Aláké Adémọlá kúrò nílùú ni wọ́n bí àwọn, ìyẹn 1948. Bàbá á ní ọdún tí Kábíyèsí padà dé ni tàwọn, 1950 nìyẹn. Àwọn tó kéré sí wọn á ní ọdún rògbòdìyàn Wẹ́tíẹ̀. Ìmọ̀ tó péye ni, ó sì ṣeé fi dá ọdún mọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù fẹ́ ọjọ́ àti oṣù, akọ̀wé á bá tẹ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní fún wọn. Tí ẹ bá rí bí àwọn àgbàlagbà tí ìwé mi fi hàn pé ọjọ́ ọdún tuntun ni wọ́n bí ṣe pọ̀ tó, ẹnu á yà yín. Bàbá kan mú ìwé báńkì wá tí akọ̀wé ti tẹ 1984 dípò 1948. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe wí, àkọ́bí Bàbá fi ọdún púpọ̀ ju Bàbá lọ.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa o. Láti 2025, owó tí NIMC ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe ti di 28,574 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Owó àtúnṣe yìí lé ní ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́. Ní 2023, ilé yín náà ló ṣe òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni, òfin yẹn sì fún ọmọ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún àṣìṣe tó wà nínú ìsọfúnni rẹ̀ ṣe. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fún wa lẹ́tọ̀ọ́, àjọ ìjọba fi ọwọ́ òsì kọ owó lé e lórí. Mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà láàrin wa, mo ti rí wọn, mo sì ti lé wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bóyá nítorí wọn ni owó náà fi wúwo. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá hàn gbangba pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í tẹ̀, kò yẹ kí oníwèé san kọ́bọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé nítorí ààbò ni gbogbo títẹ̀ka àti ìforúkọsílẹ̀ yìí. Mi ò lòdì sí ààbò, èmi náà bímọ, wọ́n sì ń rìn lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2020, nígbà tí kòrónà ṣì ń jà, tí ìjọba ń sọ lórí rédíò pé kí a má súnmọ́ ara wa, ni ìjọba kan náà ní kí gbogbo síìmù ní NIN láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn á tì wọ́n. Gbogbo ìlú tú jáde. Èèyàn sùn sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n gun ara wọn, ìbòmú wà lágbọ̀n. Ní oṣù Kìíní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ NIMC fúnra wọn daṣẹ́ sílẹ̀ torí ẹ̀rù kòrónà bà wọ́n. Wọ́n wá sún gbèdéke náà síwájú, wọ́n tún un sún, wọ́n tún un sún. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2022, wọ́n dí ẹnu àwọn síìmù tí kò ní NIN, wọ́n lè gbọ́ ìpè, wọn kò lè pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2023, ó kan báńkì: àkáùntì tí kò bá ní BVN tàbí NIN, kí wọ́n tì í pa tó bá di 2024. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ sáré. Àwọn ajínigbé ṣì ń fi fóònù pe ẹbí, wọ́n ń dúnàádúrà lórí síìmù, wọ́n ń sọ iye tí wọ́n fẹ́. Ẹni tí h ṣẹ́kù lórúkọ rẹ̀ ni síìmù rẹ̀ kú.

Tí síìmù bá kú báyìí, wọ́n á ní kí o pe 300. Síìmù tó kú ni o máa fi pè é o. Tí o bá yá fóònù ẹlòmíràn, ohùn kan á kí ọ, á ní tó o bá fẹ́ Yorùbá, tẹ eléyìí. Inú àwọn ìyá máa ń dùn tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀ràn síìmù mi ni mo bá wá." Ohùn náà kò dúró, ó ń ka nọ́ńbà lọ. Àwọn náà ò dúró, wọ́n ń ròyìn. N kì í lè gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń sọ ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ báyẹn yẹ kó rí èèyàn dá a lóhùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí òfin sọ iye ìṣẹ́jú tí ó gbọ́dọ̀ pẹ́ mọ kí èèyàn tó mú fóònù, kó sì jẹ́ èèyàn tó gbọ́ èdè ẹni tó pè.

Mi ò sọ pé kò sí ohun kankan tó ń lọ dáadáa. Fún ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti ń kó àwọn afẹ̀yìntì jọ kí wọ́n wá fara hàn pé wọn kò tíì kú, tí àwọn mìíràn sì ń dákú lórí ìlà níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi hàn pé àwọn wà láàyè. Ní 2023, PTAD, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, ṣe ètò tí afẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ fi lè jẹ́rìí ara rẹ̀ látinú ilé. Mo ti bá àwọn àgbàlagbà ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì lọ sílé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2026 náà, NIN ni wọ́n ní yóò jẹ́ nọ́ńbà owó-orí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí pé a tún ń lọ tẹ̀ka níbòmíràn. Ṣé ẹ rí i pé ó ṣeé ṣe? Nígbà tó bá kan owó tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, ọ́fíìsì méjì tètè gbọ́ ara wọn yé.

Nítorí náà, ẹ fi ẹnu òfin so wọ́n pọ̀ fún ohun tó kù pẹ̀lú. Tí NIMC bá ti gba ìka mi, kí báńkì, ilé iṣẹ́ fóònù, ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù àti ti ìwé ìwakọ̀ bi NIMC, kí wọ́n má bi èmi. Kí ó jẹ́ dandan fún ilé iṣẹ́ yòówù tó bá ń tẹ̀ka láti ní ọ̀nà kejì tó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ fún ẹni tí ìka rẹ̀ kọ̀, kí wọ́n má sì ti owó ẹnikẹ́ni mọ́lé nítorí ìka. Kí fọ́ọ̀mù ìjọba gba ṣ, ẹ àti ọ, torí kọ̀ǹpútà lágbàáyé ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè tẹ̀ wọ́n. Kí orúkọ tó pé, tó kàn yí ipò padà, má di ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ní ti àṣìṣe akọ̀wé, mo ti sọ tèmi.

Àsìkò ìṣúná ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá NIMC, NCC àti Báńkì Àpapọ̀ á wá jókòó síwájú àwọn ìgbìmọ̀ yín. Ẹ bi wọ́n ní gbangba, níwájú àwọn oníròyìn: èèyàn mélòó ni ẹ̀rọ yín lé padà lọ́dún tó kọjá nítorí ìka tí kò hàn? Mélòó ló sanwó fún àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀? Tí wọ́n bá ní àwọn kò ka ìyẹn, ẹ má buwọ́ lu owó kankan fún wọn títí wọn á fi lọ kà á. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yín gbọ́ tẹnu àwọn tó ń jìyà rẹ̀, ẹ wá jókòó ní Abẹ́òkúta fún ọjọ́ kan, mo ṣe tán láti kó àwọn aláàdìrẹ, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ iléèwé tí mo ti bá tẹ ìwé ìbúra wá bá yín. À ń retí ìdáhùn yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.